Obìnrin Tí Wọ́n Ń Pè Ní Bàbá Àkọ́rọ̀

Ilé yàrá márùn-ún ni Pa Títíloyè kọ́ sí Oregbeni nílùú Bìní nígbà tí òwò gẹdú ṣì ń mówó wọlé, ṣùgbọ́n ní ọdún 2010 tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ènìyàn méjì péré ló kù níbẹ̀: òun fúnra rẹ̀ àti Motọ́lání, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó rẹ̀ bí fún un kí ó tó kú. Láàárọ̀ bàbá á ní, "Tọ́lání, o ò tíì lọ?" Ọmọ á ní, "Mò ń lọ, sà." Nírọ̀lẹ́ ọmọ á ní, "Ẹ kúulé, sà." Bàbá á ní, "Káàbọ̀. Oúnjẹ ńkọ́?" Gbólóhùn mẹ́rin, ilẹ̀ ti ṣú.

Kì í ṣe pé wọ́n ń bára wọn jà. Ìjà ti tán láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí Olúṣèyí wá tọrọ Motọ́lání. Bàbá Olúṣèyí ló ń wa ọkọ̀ gẹdú fún Pa Títíloyè. "Ọmọ dírẹ́bà mi kọ́ ni yóò fi ọmọ mi ṣaya," ni Pa Títíloyè wí, ó sì ti ilẹ̀kùn. Olúṣèyí bẹ̀ ẹ́ fún ọdún kan gbáko, ó rán pásítọ̀, ó rán àwọn àgbà Ìjẹ̀ṣà tó wà nílùú Bìní. Ọwọ́ kò bà á. Ó kó lọ sí Àbújá, ó gbéyàwó níbẹ̀, ó sì ti bímọ méjì. Motọ́lání sunkún títí omijé fi tán lójú rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò bá bàbá rẹ̀ jiyàn mọ́, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Ó di tíṣà bàólójì ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan, ó sì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó ń lọ sí òkè òkun ló ta kámẹ́rà àlòkù fún un. Bí eré bí eré, ọwọ́ rẹ̀ wọ iṣẹ́ náà. Ní gbogbo Sátidé á gbé kámẹ́rà kọ́rùn, á rìn sọ̀kalẹ̀ láti òkè Ikpoba dé etí odò, á máa ya ohun tí ojú rẹ̀ bá rí. Nígbà tó yá, ó rí ẹgbẹ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Ẹgbẹ́ Ojú Inú, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá káàkiri ayé ti ń fi àwòrán wọn han ara wọn, kì í ṣe fún títà, fún ìgbádùn ni. Wọ́n lófin. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bèèrè orúkọ gidi, ọjọ́ orí tàbí iṣẹ́ ẹlòmíràn. Àwòrán ni kí o bá wí, má bá ẹni tó yà á wí. Ohun tí a bá sì bá ọ sọ ní kọ̀rọ̀, kọ̀rọ̀ náà ni kó kú sí.

Àkọ́rọ̀ lorúkọ tí Motọ́lání mú. Ìyá bàbá rẹ̀ ní Iléṣà ló tọ́ ọ dé ọdún mẹ́wàá, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì jinlẹ̀ bíi kànga. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dá sí àwòrán ẹnì kan, ó kọ ọ́ báyìí: "Iṣẹ́ rẹ dára, ṣùgbọ́n ojú kò mọ ibi tí yóò wò. Ẹni tó bá ń lé eku méjì yóò pòfo; yan ọ̀kan nínú igi méjèèjì yìí." Kíá ni ẹnì kan dáhùn pé, "Áà, àwọn àgbà ti wọlé! Ẹ kú àbọ̀, Bàbá." Òmíràn ní, "Bàbá Àkọ́rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo tèmi náà." Motọ́lání rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ kọ ọ́ pé obìnrin lòun, ó tún rò ó wò. Ta ni yóò máa wá ìmọ̀ràn sọ́dọ̀ tíṣà kan tí kò lọ́kọ? Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kò kàn sọ òótọ́ ni.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Àlejò Ìlú. Ó ya ìkòkò kan lórí sítóófù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, Motọ́lání sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Àwòrán yìí ń sá fún ohun tó yẹ kó wò." Ní ọjọ́ kejì, ìwé dé ní kọ̀rọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ má bínú. Mo fẹ́ mọ ohun tí àwòrán mi ń sá fún."

"Ìkòkò kọ́ lo fẹ́ yà," ni Motọ́lání dáhùn. "Fèrèsé lo ń wò. Sún mọ́ ọn."

Ó sún mọ́ ọn lóòótọ́, gbogbo ẹgbẹ́ sì pàtẹ́wọ́ fún un. Báyìí ni ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, tó ń bọ̀. Ó sọ fún Bàbá pé Jayéọlá lorúkọ òun, òun ń ṣiṣẹ́ nínú láàbù ní yunifásítì kan, Ekosodin nílùú Bìní lòun ń gbé láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò jẹ́ kí etí ènìyàn sinmi. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Àwọn àbúrò bàbá pín ilé, wọ́n lé òun àti ìyá rẹ̀ jáde, kò sì sí ẹni tó ń kíra mọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Jayéọlá. Nígbàkígbà tí Motọ́lání bá kọ "ọmọ mi" sí ẹni tó fi ọdún mẹ́ta péré jù lọ, ojú á tì í, ọkàn rẹ̀ á sì gbóná.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní oṣù Keje, òjò ń dà yàà. Jayéọlá kọ̀wé pé, "Bàbá, òjò Bìní yìí kò ní í dá lónìí." Motọ́lání jókòó nínú yàrá rẹ̀, ó ń gbọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń wúkọ́ lẹ́yìn ògiri. Kí ó tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ rẹ̀ ti kọ ọ́: "Mò ń gbọ́ ọ. Ìlú Bìní lèmi náà wà."

Inú Jayéọlá dùn bí ẹni pé wọ́n bá a rí bàbá tó sọnù. Kò bèèrè àdúgbò, òfin ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí Motọ́lání bá wọ bọ́ọ̀sì ní Ring Road, á máa wo ojú àwọn ọkùnrin lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa wo ọwọ́ wọn bóyá kámẹ́rà wà níbẹ̀. Ṣé èyí ni? Àbí tọ̀hún tó gbé báàgì dúdú? Á délé, á kí bàbá rẹ̀, á gbé oúnjẹ fún un, á wọ yàrá lọ.

Ó di ọdún kejì. Ìwé kan wọlé ní àárọ̀ Sátidé.

"Bàbá, mo ti rí ẹnì kan."

Motọ́lání ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀mẹta. Adéfúnkẹ́ lorúkọ ọmọbìnrin náà, nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti pàdé. Ọmọ ọ̀gá báńkì tó ti fẹ̀yìn tì ni, GRA ni ilé wọn. Kí ni Bàbá rí sí i?

Kí ni kí Bàbá wí? Motọ́lání dìde, ó fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, ó padà wá jókòó. "Bí ó bá ń fetí sí ọ nígbà tí o bá ń sọ̀rọ̀," ló kọ, "má jẹ́ kó bọ́." Ìmọ̀ràn rere ni. Oṣù mẹ́fà ló fi ń gbà á nímọ̀ràn rere: bí yóò ṣe tọrọ àforíjì, ohun tí yóò sọ fún ìyá rẹ̀, ìgbà tó yẹ kó ṣe pẹ̀lẹ́. Ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọkùnrin tó fẹ́ràn bí a ṣe ń fẹ́ ẹlòmíràn.

Nígbà náà ni ìjà kan ṣẹlẹ̀. Adéfúnkẹ́ ní kí Jayéọlá má máa kí òun lójú àwọn ẹbí òun ní ṣọ́ọ̀ṣì títí òun yóò fi bá bàbá òun sọ̀rọ̀. Ó dun Jayéọlá dé egungun. "Bàbá, kí ni kí n ṣe?"

Motọ́lání mọ èsì tó tọ́. Lọ bá a, kí ẹ sọ ọ́ lójúkojú. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn. Ohun tó kọ ni: "Dákẹ́. Má pè é, má sì lọ. Ẹni tí kò mọ iyì rẹ, jẹ́ kó fi àìrí rẹ kọ́gbọ́n."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Jayéọlá fi dákẹ́. Nítorí pé kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀, ojoojúmọ́ ló ń kọ̀wé sí Bàbá: ohun tó jẹ, ohun tó ronú, ẹyẹ tó yà lórí òrùlé láàbù. Kò sí ìgbà kan láti ọdún Olúṣèyí tí inú Motọ́lání dùn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pàápàá ń bèèrè pé, "Aunty, wetin happen? You just dey smile."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, ìwé tó wọlé kò ní ìkíni.

"Bàbá, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún Adéfúnkẹ́. Ìfun rẹ̀ ló wú. Díẹ̀ ló kù kó kú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò lórí ibùsùn, kò sì sí ẹni tó sọ fún mi, nítorí mi ò pè, mi ò lọ. Mo sáré dé GRA lánàá. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu géètì, ó ní ọkùnrin tí ọmọ òun ń kú lọ tí kò yọjú, kò lè fẹ́ ẹ. Ó ní bí mo bá jẹ́ ọmọ ènìyàn, kí n mú àgbà kan wá tí yóò wá sọ ìdí ọ̀rọ̀. Bàbá, mi ò bi yín léèrè ibi tí ẹ ń gbé rí. Ẹ̀yin nìkan ni àgbà tí mo ní nílùú yìí. Ẹ bá mi lọ."

Ọjọ́ mẹ́rin ni Motọ́lání kò fi dáhùn. Bó bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ á bàjẹ́, Jayéọlá á sì máa kọ̀wé sí Bàbá lójoojúmọ́ títí ayé. Èrò náà wọlé wá jókòó tì í, ó sì dùn, ẹ̀rù ara rẹ̀ sì bà á.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún, ó bá bàbá rẹ̀ ní pálọ̀, ó kúnlẹ̀.

"Kí ló dé?" Pa Títíloyè gbé ìwé ìròyìn sílẹ̀. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, sà. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi dé GRA."

Ó rò ó fún un látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó pẹ́ kí ó tó yé bàbá bí ènìyàn ṣe lè mọ ẹni tí kò rí rí. Nígbà tó yé e, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"O fẹ́ràn ọkùnrin yìí."

Motọ́lání ká ìwé ìròyìn náà sí méjì.

"Ìwọ wá ń bẹ̀ mí pé kí n lọ bá a fẹ́ ẹlòmíràn?"

"Èmi ni mo ní kó dákẹ́, sà. Mo mọ̀ pé kò dáa, mo sì sọ ọ́."

Pa Títíloyè dá awò padà sójú. Lẹ́yìn náà ó ní, "Lọ́jọ́ wo?"

Kí ó tó sùn lọ́jọ́ náà, Motọ́lání kọ ìwé tó ṣòro jù láyé rẹ̀. "Jayéọlá, èmi kì í ṣe bàbá. Obìnrin ni mí, tíṣà ni mí, mo fi ọdún mẹ́ta jù ọ́ lọ. Ìmọ̀ràn tí mo fún ọ pé kí o dákẹ́, ìmọ̀ràn búburú ni, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń kọ ọ́. Bàbá tó bí mi yóò bá ọ lọ ní Sátidé, èmi náà yóò lọ. Bí o kò bá fẹ́, sọ."

Èsì kò dé títí di Jímọ̀. Gbólóhùn méjì ni, pẹ̀lú àdírẹ́sì ilé náà: "Aago mẹ́rin. Mo máa dúró lẹ́nu géètì."

Motọ́lání mọ̀ ọ́n láti òkèèrè. Ó ga, ó sì tẹ̀ díẹ̀ léjìká bí ẹni tó ti gbé ẹrù pẹ́. Jayéọlá dọ̀bálẹ̀ fún Pa Títíloyè. Ó wá yíjú sí Motọ́lání, ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi pè é. Ọdún méjì ló fi ń pè é ní Bàbá.

"Ẹ káàsán, Ẹ̀gbọ́n," ló wí.

Motọ́lání ti rò pé kò ní í dun òun. "Káàsán," ló dáhùn.

"Gbogbo ohun tí mo sọ fún yín." Jayéọlá kò gbé ojú sókè. "Mi ò sọ ọ́ fún ìyá tó bí mi."

"Mo mọ̀. Mi ò sọ ọ̀kan fún ẹnikẹ́ni, àfi èyí tó mú wa débí."

Ọ̀gbẹ́ni Ògúnwálé, bàbá Adéfúnkẹ́, gbà wọ́n sí pálọ̀ ńlá kan tó tutù. Kò fún wọn lómi. Motọ́lání kúnlẹ̀, ó sọ pé òun lòun gba Jayéọlá nímọ̀ràn pé kó má pè, kó má sì wá, pé Jayéọlá kò mọ̀ pé Adéfúnkẹ́ ń ṣàìsàn. Ògúnwálé fi ojú yẹ̀yẹ́ wò ó.

"Ọkùnrin tó ń gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹni tí kò rí rí. Ṣé irú ẹni tí mo máa fọmọ fún nìyẹn? Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni tiyín nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ ò bí i, ẹ ò sì mọ̀ ọ́n."

Pa Títíloyè ṣí fìlà. "Mi ò mọ̀ ọ́n," ló wí. "Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, nítorí mo ti ṣe é rí. Mo lé ọkọ ọmọ mi. Bàbá rẹ̀ ń wakọ̀ fún mi, mo ní kò tó. Ọmọ náà ló kúnlẹ̀ yìí. Ẹ wò ó. Èmi àti òun la jọ wà nínú ilé. Bí a bá jókòó ti oúnjẹ, ṣíbí nìkan ló ń sọ̀rọ̀." Ó ká fìlà náà mọ́ ọwọ́. "Mi ò tíì bẹ̀ ẹ́ rí. Ilé yín ni mo ti ń sọ ọ́, mi ò sì mọ̀ yín."

Motọ́lání tẹ ojú mọ́ kápẹ́ẹ̀tì, kò lè gbé orí. Ògúnwálé pe ọmọ ọ̀dọ̀ pé kó gbé omi wá fún àlejò.

Bí àwọn ọkùnrin ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, Adéfúnkẹ́ pe Motọ́lání jáde sí ẹ̀yìn ilé. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ṣì ń fi ọwọ́ di ikùn bó bá ń rìn. Bìní ni wọ́n bí i sí. Yorùbá rẹ̀ kò dán, kò mọ ibi tí ó yẹ kó ti lo "ẹ".

"O fẹ́ràn ẹ̀, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"So why you come?"

"Nítorí pé èmi ni mo bà á jẹ́."

Adéfúnkẹ́ mi orí. Inú kò bí i. "Thank you. Ṣùgbọ́n, abeg, má kọ nǹkan sí i mọ́. Ní group yẹn náà. Bí o bá wà níbẹ̀, òun á máa wá ẹ." Ó tún un sọ pẹ̀lẹ́: "Òun á máa wá Bàbá."

Motọ́lání gbà. Kí ló kù tí kò tíì fi sílẹ̀?

Ní Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e, ó kọ ọ̀rọ̀ kan péré sínú ẹgbẹ́: "Àkọ́rọ̀ rọ̀, ó ti dá. Ẹ kú àjọṣe o." Kò kọ ohun kankan mọ́.

Jayéọlá àti Adéfúnkẹ́ ṣègbéyàwó ní oṣù Kẹrin ọdún 2013. Ìwé ìpè dé Oregbeni ní orúkọ Pa Títíloyè. Bàbá lọ, ó súre fún wọn. Motọ́lání ní òun ní ìwé ìdánwò láti máàkì. Ó sì máàkì wọn lóòótọ́, gbogbo wọn, ó tún un máàkì lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó ṣí ojú ewé ẹgbẹ́, kì í ṣe láti kọ nǹkan, láti wò ó lásán ni. Orúkọ rẹ̀ ló bá lókè. Ẹnì kan ló ti bèèrè pé ta ló gbúròó Bàbá Àkọ́rọ̀. Kò sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀. Wọ́n sì wá gbà pé àgbà náà ti papò dà. Ìdágbére náà ló mú kó dá wọn lójú. Ènìyàn mẹ́tàlélógójì ló ti kọ̀wé. "Sùn re o, Bàbá." "Àgbà tí kì í dá ọmọdé lẹ́bi." "Kí Ọlọ́run tu àwọn ọmọ yín nínú." Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni Àlejò Ìlú, tó mọ òótọ́, kọ tirẹ̀ sí: "Wọ́n ṣe mí lóore. Mi ò dúpẹ́."

Ìka rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà. Gbólóhùn kan ló gbà: mo wà láàyè. Ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí. Ẹ̀rín gbé e, ẹ̀rín náà sì yí padà lẹ́nu rẹ̀ di nǹkan mìíràn.

Bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ, ó yọjú. "Tọ́lání? Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Wọ́n ní mo ti kú, sà."

Pa Títíloyè wọ yàrá náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ọmọ ti dàgbà. Ó fi awò sójú, ó tẹ̀ síwájú, ó ka gbogbo rẹ̀ láìyára, ètè rẹ̀ ń mì.

"Wọ́n fẹ́ràn rẹ," ló wí níkẹyìn. "Fi àwọn àwòrán náà hàn mí."

Ó fi wọ́n hàn án. Ó tó ọgọ́rùn-ún mẹ́ta: ògiri, gbòǹgbò igi, páànù tó dípẹtà, ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ èbúté, fèrèsé, fèrèsé. Bàbá ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó parí, ó ní:

"Kò sí ènìyàn kankan níbẹ̀."

"Kò sí, sà."

Pa Títíloyè dìde, ó jáde. Motọ́lání rò pé ó ti lọ jókòó ti ìwé ìròyìn rẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìta.

"Tọ́lání! Ṣé oòrùn ìrọ̀lẹ́ yìí dára fún àwòrán?"

Ó jáde. Bàbá ti gbé àga sí ojúde, ó ti dé fìlà, ó jókòó gbọnrangandan bí ẹni tó fẹ́ ya fótò ìwé ìrìnnà, ó ń wo géètì. Motọ́lání gbé kámẹ́rà sójú. Ó rí irùngbọ̀n funfun, ó rí ojú tó ti jìn wọnú, ó rí bí ọrùn ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ nínú kọ́là. Ìgbà wo ni bàbá òun darúgbó tó báyìí?

"Ẹ má wo géètì, sà," ló wí. "Èmi ni kí ẹ wò."

Ó wò ó.